SSD nínú sáfà: ṣé ti laptop lè ṣe é, àbí ti sáfà gan-an la gbọ́dọ̀ rà?

Ọmọ_Sáfà:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Sáfà kan wà lọ́wọ́ mi níbi iṣẹ́, Linux ló wà lórí ẹ̀, PostgreSQL, ìyẹn database wa, ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wẹ́ẹ̀bù wa náà wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà la ń kó backup sí lálaalẹ́. Hard disk mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, èyí tó ń yí ìgbà 7200 ní ìṣẹ́jú kan, RAID 5 (ìlànà tó ń pa àwọn dísìkì pọ̀ bí ẹyọ kan, tí data ò fi ní sọnù tí ọ̀kan bá kú) ni wọ́n ti tò ó sí kí n tó débẹ̀. Táwọn èèyàn bá ti pọ̀ díẹ̀ báyìí gbogbo ẹ̀ á máa wọ́, CPU ò ṣe nǹkan kan, mẹ́mọ̀rì ṣì kù, síbẹ̀ ojú ewé kan lè gba ìdajì ìṣẹ́jú kó tó ṣí. Ọ̀gá mi ní kí n lọ ra SSD kí n fi rọ́pò gbogbo ẹ̀. Mo wá ń wò ó, mo rí oríṣi méjì: èyí tí wọ́n ń tà fún laptop, wọ́n kọ 7000 MB ní sẹ́kọ́ńdì sára páálí ẹ̀, àti èyí tí wọ́n ní ti sáfà ni, ó wọ́n ju ti laptop lọ dáadáa, àmọ́ nọ́ńbà tó wà lára tiẹ̀ ò tó 600. Kí ló fà á? Ṣé orúkọ là ń rà ni àbí nǹkan kan wà ńbẹ̀ lóòótọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

BàbáRẹ́ẹ̀kì:
Àbúrò, o káre tó o béèrè kí owó tó jáde. Kọ́kọ́ rí i dájú ná pé dísìkì ló ń dá yín dúró. Fi sysstat sí i, tẹ iostat -x 5 lásìkò tí èrò pọ̀, wo ibi tí wọ́n kọ r_await àti w_await sí. Iye mílísẹ́kọ́ńdì tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń dúró kó tó rí èsì gbà nìyẹn. Tó bá ti ń lọ sí 20, 50, 100, dísìkì ni. Tí kò bá ju 1 tàbí 2 lọ, ẹ lọ wo query yín (ìbéèrè tí wẹ́ẹ̀bù ń bi database), bóyá index (atọ́ka tó ń jẹ́ kó tètè rí nǹkan) ni kò sí, torí SSD ò lè tún query tí wọn ò kọ dáadáa ṣe, á kàn bò ó mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni, tí data bá tún pọ̀ sí i ẹ ó padà síbi tẹ́ ẹ wà.

Ṣùgbọ́n pẹ̀lú bó o ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí, mo fura sí dísìkì. Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Dísìkì tó ń yí ìgbà 7200 ní ìṣẹ́jú kan ń lo bíi 8.3 mílísẹ́kọ́ńdì láti yí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé ní ìpíndọ́gba wàá dúró fún bíi 4.2 kí ibi tó ò ń wá tó yí dé abẹ́ orí tó ń kà á, o ò sì tíì ka àkókò tí apá ẹ̀ fi ń rìn lọ sápá ibẹ̀ kún un. Ìdí nìyẹn tí dísìkì bẹ́ẹ̀ ò fi lè ṣe ju bíi 75 sí 100 iṣẹ́ kéékèèké lọ ní sẹ́kọ́ńdì kan tí iṣẹ́ ọ̀hún bá wà káàkiri orí ẹ̀. Database ò sì mọ̀ ju káàkiri lọ. Wọ́n tún wá gbé RAID 5 lé e: kíkọ kékeré kan ṣoṣo lórí RAID 5 di iṣẹ́ mẹ́rin, á ka data àtijọ́, á ka parity àtijọ́ (ìṣirò tí wọ́n fi ń rí data dísìkì tó bá kú gbà padà), á kọ data tuntun, á kọ parity tuntun. Dísìkì mẹ́rin tó yẹ kó fún yín ní bíi 320 á wá di bíi 80 tó bá di ti kíkọ. 80 o! Fún database àti wẹ́ẹ̀bù àti backup pa pọ̀. Kò lè ṣe kó má wọ́.

SSD ò ní nǹkan tó ń yí, kò ní apá tó ń rìn. Láti ka nǹkan kékeré kan níbikíbi lórí ẹ̀, bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá mílísẹ́kọ́ńdì ló ń gbà. SATA SSD lásán (SATA ni ọ̀nà àtijọ́ tí dísìkì fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀) á ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá irú iṣẹ́ yẹn ní sẹ́kọ́ńdì kan. Torí náà ọ̀gá yín ò sọ̀rọ̀ sódì, ìbéèrè tó kù ni oríṣi tó yẹ.

ÌyáDáta:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti kíkà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti kíkọ torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oríṣi méjì yẹn wà, ibẹ̀ náà lowó ń bá lọ.

Nọ́ńbà 7000 tó o rí yẹn jẹ́ òótọ́, àmọ́ wo bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n: fáìlì ńlá tó tò tẹ̀léra, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n tò sórí ìlà lẹ́ẹ̀kan náà, dísìkì tuntun tó ṣófo. Database ò ṣiṣẹ́ báyẹn rárá. Nígbàkúgbà tí ẹnì kan bá ṣe COMMIT, ìyẹn ni pé kó ní kí data òun wọlé pátápátá, PostgreSQL á kọ díẹ̀ sínú WAL (ìwé àkọsílẹ̀ àwọn àyípadà), á wá pe fsync, ìyẹn ni pé á sọ fún dísìkì pé má dá mi lóhùn àfi tí nǹkan yìí bá ti wà níbi tí iná lè lọ tí kò ní sọnù. Oníbàárà á dúró títí dísìkì á fi dáhùn. Gbogbo eré tí ẹ̀ ń rí lára páálí ò kan ibí yìí.

Dísìkì laptop kò ní ibi ààbò kankan tó yára, torí náà nígbà tí fsync bá dé ó gbọ́dọ̀ kó o lọ sórí NAND gan-an (àwọn chip tó ń tọ́jú data) kó tó lè fèsì, kíkọ sórí NAND TLC (oníbit mẹ́ta nínú ihò kọ̀ọ̀kan) sì máa ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún máíkírósẹ́kọ́ńdì, nígbà mìíràn ó lé ní mílísẹ́kọ́ńdì kan, kó o tún ka àkọsílẹ̀ inú ara ẹ̀ tó gbọ́dọ̀ ṣe kún un. Dísìkì sáfà ní àwọn kàpásítọ̀ lára bọ́ọ̀dù ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní power loss protection, PLP. Tí iná bá lọ lójijì, agbára tó wà nínú kàpásítọ̀ yẹn á tó o láti kó gbogbo ohun tó wà nínú DRAM ẹ̀ (mẹ́mọ̀rì tó ń gbàgbé tí iná bá lọ) sórí NAND. Torí pé ó dá ara ẹ̀ lójú báyẹn, bí data bá ṣe wọ DRAM ẹ̀ báyìí ló ti ń dáhùn pé ó ti tán, láàárín máíkírósẹ́kọ́ńdì mélòó kan. Torí náà dísìkì tí páálí ẹ̀ ní 500 á fi eré sílẹ̀ fún ti 7000 níbi fáìlì ńlá, á sì fi ìlọ́po púpọ̀ jù ú lọ níbi COMMIT. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ níbi iṣẹ́ àwọn èèyàn.

Ẹ dán an wò fúnra yín, PostgreSQL ní irinṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ pg_test_fsync, ẹ darí ẹ̀ sí dísìkì tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀n, á sọ iye fsync tó lè ṣe ní sẹ́kọ́ńdì kan fún yín.

GbàráDì_IT:
Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ yìí jàre. Àìmọye sáfà ló ń lo SSD laptop láyé yìí tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Tó bá jẹ́ wẹ́ẹ̀bù tó jẹ́ pé kíkà ló pọ̀, tàbí ibi tí OS ń gbé, tàbí cache, tàbí sáfà tí wọ́n fi ń dán nǹkan wò, kí lẹ fẹ́ fi PLP ṣe? Ọ̀rọ̀ pé dísìkì á gbó náà, wọ́n ń sọ ọ́ jù. Dísìkì 1 TB tó ní 600 TBW (iye TB tí olùṣe ní ẹ lè kọ sórí ẹ̀), ẹ pín in fún ọdún 5, ó ju 300 GB lọ lójúmọ́. Sáfà kékeré wo ló ń kọ 300 GB lójúmọ́? Èmi ò rí i rí o.

ÌyáDáta:
@GbàráDì_IT a jọ fẹnu kò lórí ibi tí kíkà bá pọ̀, àti sáfà ìdánwò. Ibi tí mi ò bá yín lọ ni pé ẹ sọ ọ́ bíi pé gbígbó nìkan ni ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ méjì tó ṣe pàtàkì ju gbígbó lọ ni bó ṣe ń pẹ́ tó lórí fsync, mo ti sọ ìyẹn, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tó bá ti ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko láìsinmi. Dísìkì laptop máa ń ya apá kan NAND ẹ̀ sọ́tọ̀ tó ń kọ bit kan ṣoṣo sí ihò kọ̀ọ̀kan dípò mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìyẹn ló ń jẹ́ SLC cache, ibẹ̀ ni gbogbo eré yẹn ti ń wá. Tó bá kún, eré ẹ̀ á já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn QLC kan (oníbit mẹ́rin) máa ń já sí bíi 100 MB ní sẹ́kọ́ńdì, hard disk tẹ́ ẹ fẹ́ yọ kúrò yẹn gan-an yára jù ú lọ tó bá jẹ́ fáìlì ńlá. Ẹni tó ń lo laptop ò ní mọ̀ láéláé torí kì í kọ nǹkan fún wákàtí kan, dísìkì á ráyè palẹ̀ mọ́. Sáfà tó ń gba backup lóru, tó tún ń ṣe VACUUM (bí PostgreSQL ṣe ń palẹ̀ mọ́), tó tún ń kọ log, kò fún un láyè.

Yàtọ̀ síyẹn, tí iná bá lọ lára dísìkì tí kò ní PLP, kì í ṣe ohun tó ń kọ lọ́wọ́ nìkan ló wà nínú ewu. Àwòrán inú ẹ̀ tó fi ń mọ ibi tí data wà lórí NAND náà lè bà jẹ́, ìgbà mìíràn sì wà tí dísìkì ò ní jí mọ́ rárá.

BàbáRẹ́ẹ̀kì:
Mo fara mọ́ ÌyáDáta, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé UPS ti wà. UPS dáa, ẹ ní in. Àmọ́ power supply inú sáfà lè kú, ẹnì kan lè fa wáyà tí kò yẹ kó fà, bọ́ọ̀dù lè jó, UPS fúnra ẹ̀ lè kú. PLP wà lára dísìkì gan-an, kò sí ohun tó wà láàárín ẹ̀ àti data.

Ní ti gbígbó, GbàráDì ò parọ́, ìṣirò ẹ̀ péye, kí ẹ kàn mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ti sáfà, DWPD ni wọ́n ń kọ, ìyẹn ìgbà mélòó lo lè kọ odindi dísìkì yẹn kún lójúmọ́ jálẹ̀ gbogbo ọdún ìdánilójú ẹ̀. Dísìkì 1.92 TB tó jẹ́ 1 DWPD fún ọdún 5, 1.92 lọ́nà 365 lọ́nà 5, ó jẹ́ bíi 3500 TB. Ti 1.6 TB tó jẹ́ 3 DWPD lé ní 8700 TB. Ti laptop 1 TB tó ní 600 TBW, tẹ́ ẹ bá yí i padà, bíi 0.33 DWPD ni. Ó tó fún ọ̀pọ̀ nǹkan, kò tó fún gbogbo nǹkan.

Àmọ́ ẹ má fojú díwọ̀n ẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ wo iye tí sáfà yín ń kọ fún ọ̀sẹ̀ kan. /proc/diskstats ní in, iostat -dm náà á sọ ọ́, tó bá jẹ́ NVMe (ọ̀nà tuntun tó yára ju SATA lọ), smartctl -a á fi Data Units Written hàn yín, ẹyọ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ jẹ́ 512,000 byte. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bẹ̀rù gbígbó, tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán wọ́n á rí i pé sáfà àwọn ò kọ tó ìdá mẹ́wàá ohun tí wọ́n rò. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní read-intensive, 1 DWPD, ti tó fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Àwọn tó nílò 3 mọ ara wọn: log tó ń wọlé láti ibi púpọ̀, cache tó ń yí padà ní gbogbo ìgbà, database tí kò sinmi.

Ọ̀dọ́mọdé_IT:
Ẹ ṣeun ẹ̀yin àgbà. Ẹ dárí jì mí, ìbéèrè kékeré: wọ́n ní SSD máa ń lọ́ra tó bá ti kún, kí ló fà á? Ṣé ó yẹ kí n tan discard nínú fstab (fáìlì tí Linux fi ń mọ bó ṣe máa so dísìkì)?

Alábòójútó_Òru:
@Ọ̀dọ́mọdé_IT ìbéèrè tó dáa nìyẹn, kì í ṣe kékeré. Wò ó bíi pátákó ìkọ̀wé tí o lè kọ nǹkan sí ibikíbi tó bá ṣófo lára ẹ̀, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé tó o bá fẹ́ nu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kúrò, gbogbo pátákó lo gbọ́dọ̀ nù. NAND nìyẹn. Page ló ń kọ, KB mélòó kan, àmọ́ búlọ́ọ̀kù ló ń pa rẹ́, ìyẹn sì jẹ́ MB mélòó kan. Kò lè kọ nǹkan lé ohun tó wà níbì kan tẹ́lẹ̀. Torí náà tó o bá yí fáìlì kan padà, ibòmíràn tó ṣófo ló máa kọ tuntun sí, á sàmì sí ti àtijọ́ pé kò wúlò mọ́. Tó bá yá, ibi tó ṣófo á fẹ́ tán, á wá máa kó àwọn tó ṣì wúlò nínú búlọ́ọ̀kù kan lọ síbòmíràn kó lè ráyè pa búlọ́ọ̀kù yẹn rẹ́. Garbage collection nìyẹn. Ìwọ kọ 1 GB, òun nínú lọ́hùn-ún kọ 2 tàbí 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pè é ní write amplification, ó ń mú un lọ́ra, ó sì ń jẹ́ kó tètè gbó.

Bí ibi tó ṣófo bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ yẹn ṣe ń dín kù tó. Ìdí tẹ́ ẹ fi ń rí 960 GB tàbí 1.92 TB lára dísìkì sáfà dípò 1 TB tàbí 2 TB nìyẹn, wọ́n ti fi àyè pa mọ́. Tó bá jẹ́ ti laptop lo fẹ́ lò, má lo gbogbo ẹ̀, ṣe partition tó dín díẹ̀ lórí dísìkì tó jẹ́ tuntun tàbí tó o ti pa rẹ́ pátápátá, fi bíi ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Ní ti discard tó o béèrè, TRIM ló ń ṣe, òun ni OS fi ń sọ fún dísìkì pé fáìlì yìí ti lọ, má yọ ara ẹ lẹ́nu láti máa gbé e kiri. Èmi máa ń fẹ́ fstrim.timer tó ń ṣe é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ju discard nínú fstab lọ, torí discard ń ránṣẹ́ nígbàkúgbà tí fáìlì bá ti kúrò, àwọn dísìkì kan ò fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra sí nǹkan méjì: ọ̀pọ̀ kọ́ńtírólà RAID kì í jẹ́ kí TRIM kọjá dé dísìkì, bẹ́ẹ̀ náà ni LUKS (tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti data pa), á dí i lọ́nà àfi tẹ́ ẹ bá sọ fún un pé kó gbà á láyè. Ẹ tẹ lsblk -D, tẹ́ ẹ bá rí òdo lábẹ́ DISC-GRAN àti DISC-MAX, kò dé ibẹ̀.

GbàráDì_IT:
Eléyìí dáa gan-an o. Ọ̀rọ̀ lsblk -D yẹn, gbogbo ẹni tó ní kọ́ńtírólà RAID ẹ lọ wò ó lónìí.

Àwẹ̀ró_Cloud:
Mo fẹ́ fi ti àwọn tó ń lo ZFS (filesystem kan) tàbí tó ń gbé ọ̀pọ̀ VM (sáfà inú sáfà) sórí sáfà kan kún un. Níbẹ̀ ni SSD laptop ti ń yára gbó jù, torí kíkọ kékeré kan nínú VM lè di kíkọ ńlá tó bá dé ìsàlẹ̀, filesystem inú VM ń kọ journal tiẹ̀, ZFS ń kọ tiẹ̀, dísìkì náà ń kọ tiẹ̀. Ẹ rí i pé ashift yín jẹ́ 12, kí recordsize tàbí volblocksize bá iṣẹ́ mu, kẹ́ ẹ pa atime. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ SLOG (dísìkì tí ZFS ń yà sọ́tọ̀ fún kíkọ tó ń dúró de èsì), ó gbọ́dọ̀ ní PLP, SLOG tí kò ní PLP ò wúlò fún ohunkóhun. Optane (dísìkì Intel tó yára gan-an) ló dáa jù fún un, àmọ́ Intel kéde ní 2022 pé àwọn ti ń fòpin sí i, ohun tó kù lórí àtẹ lẹ ó máa rí.

Ooru náà ńkọ́? M.2 kékeré yẹn (SSD pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kì sórí bọ́ọ̀dù) tó ń sáré gan-an, tẹ́ ẹ bá kì í sínú sáfà tí atẹ́gùn ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, tó bá gbóná á fúnra ẹ̀ dẹwọ́ kó má baà jó, ẹ ó máa wá ìdí tó fi ń lọ́ra ní ọ̀sán tó ń yára ní òru. Yàtọ̀ síyẹn ẹ ò lè yọ ọ̀pọ̀ M.2 láìpa sáfà. U.2 (NVMe tó rí bíi dísìkì lásán) tàbí SATA tó wà níwájú, ẹ ó kàn fà á yọ ni, ẹ ó ti òmíràn bọ̀ ọ́, iṣẹ́ ń lọ.

Ọmọ_Sáfà:
Ẹ̀yin àgbà, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mo ti wọ̀n ọ́n. Lásìkò tí èrò pọ̀, w_await ń lọ sí 140, r_await wà ní bíi 60. Ohun tí gbogbo sáfà ń kọ lójúmọ́ ò tó 90 GB, backup wà nínú ẹ̀. Ihò mẹ́jọ ló wà níwájú sáfà yìí, SATA àti SAS (ọ̀nà mìíràn tí àwọn dísìkì sáfà ń lò) ni wọ́n gbà, kò sí NVMe. Ṣé kí n wá káàdì tó máa jẹ́ kí n lo NVMe àbí SATA á tó? Àti pé ṣé RAID 5 náà ni kí n tún ṣe?

BàbáRẹ́ẹ̀kì:
140! Dísìkì ni, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

SATA á tó. Ẹ wò ó, ọ̀nà SATA ò lè kọjá bíi 550 MB ní sẹ́kọ́ńdì, ìlà kan ṣoṣo ló ní, iṣẹ́ 32 ló lè wà lórí ìlà yẹn. NVMe lè ní ìlà tó tó 65,535, kí iṣẹ́ tó lé ní 60,000 sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣe é fún NAND láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, nígbà tó jẹ́ pé hard disk ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe ti SATA. Tó o bá ń ra sáfà tuntun, NVMe ni kó o rà láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ìwọ ń bọ̀ láti 80, SATA tó ní PLP á gbé ẹ dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá, o ò ní rí ibi tó pin sí lórí iṣẹ́ yín yìí. 90 GB lójúmọ́ lórí 960 GB, kò tó 0.1 DWPD. Ra read-intensive tó ní PLP, ọkàn ẹ á balẹ̀. Ihò SAS ń gba dísìkì SATA, ìdàkejì ẹ̀ ni kò ṣeé ṣe.

RAID 5 mọ́? Rárá. Méjì lórí RAID 1 (ohun kan náà lórí méjèèjì), tàbí mẹ́rin lórí RAID 10 (RAID 1 méjì pa pọ̀) tí àyè ò bá tó. Kíkọ kan á di méjì dípò mẹ́rin, tí ọ̀kan bá sì kú, àtúntò ẹ̀ ò ní pẹ́.

Alábòójútó_Òru:
Lórí RAID, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n má bàa gbàgbé. Tẹ́ ẹ bá ra dísìkì méjì lọ́jọ́ kan náà, láti inú páálí kan náà, tẹ́ ẹ fi wọ́n ṣe RAID 1, ohun kan náà gẹ́lẹ́ lẹ̀ ń kọ sórí àwọn méjèèjì, ọjọ́ orí wọn bára mu, firmware wọn (ètò tó ń darí dísìkì láti inú) bára mu. Ní November 2019 HPE, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sáfà, kéde pé àwọn SAS SSD kan táwọn ń tà ní àṣìṣe nínú firmware, tí dísìkì yẹn bá ti ṣiṣẹ́ pé wákàtí 32,768 á kú, data tó wà lórí ẹ̀ kò sì ní ṣeé gbà padà. Wákàtí yẹn jẹ́ ọdún 3 àti ọjọ́ 270 àti wákàtí 8. Ẹni tó bá tan gbogbo dísìkì ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, gbogbo wọn ló máa kú lọ́jọ́ kan náà, RAID kankan ò lè gbà á. Ní March 2020 wọ́n tún kéde òmíràn tó jẹ́ wákàtí 40,000. Wọ́n tún firmware ṣe fún méjèèjì, ẹni tó gbé e wọlé lásìkò ò rí nǹkan kan.

Torí náà ẹ máa wo ìkéde firmware dísìkì yín, ẹ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ oṣooṣù. Tó bá ṣeé ṣe ẹ ra méjèèjì láti ilé iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi ọ̀kan ṣáájú èkejì lẹ́nu iṣẹ́.

ÌyáDáta:
Òótọ́ gidi. Màá fi ti ìwádìí Google kan kún un, wọ́n gbé e jáde níbi àpérò FAST ní 2016, ọdún 6 ni wọ́n fi wo oríṣi dísìkì 10 lẹ́nu iṣẹ́ gidi. Wọ́n rí i pé wọ́n kì í sábà pààrọ̀ SSD tó hard disk, ìyẹn dáa. Àmọ́ láàárín ọdún 4 àkọ́kọ́, láti 20 dé 63 nínú ọgọ́rùn-ún dísìkì yẹn, ó sinmi lórí oríṣi ẹ̀, ló ní ó kéré tán data kan tí kò ṣeé kà mọ́. Wọ́n tún rí i pé ọjọ́ orí dísìkì náà ní ọwọ́ nínú àṣìṣe, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sórí ẹ̀ nìkan. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹ tan checksum (nọ́ńbà tó ń jẹ́ ká mọ̀ tí data bá ti bà jẹ́), PostgreSQL ní in, initdb --data-checksums, tàbí pg_checksums lórí èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́ ẹ bá pa á ná. Kẹ́ ẹ sì máa ka backup yín padà.

Ọmọ_Sáfà, tó o bá ti gbé e dé orí SSD, random_page_cost nínú PostgreSQL (iye tó fi ń díwọ̀n ìnira kíkà káàkiri) jẹ́ 4.0 láti ilẹ̀, iye yẹn bá hard disk mu, dín in kù sí 1.1, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa sá fún index tó yẹ kó lò. Ṣe ANALYZE, kó o wo àwọn query tó wúwo pẹ̀lú EXPLAIN kó o tó yí i àti lẹ́yìn tó o bá yí i. Scheduler (ohun tí Linux fi ń to iṣẹ́ dísìkì), mq-deadline dáa fún SATA SSD, tó bá jẹ́ NVMe, none.

Àwẹ̀ró_Cloud:
Kó o tó gbé e wọ iṣẹ́, dán an wò pẹ̀lú fio (irinṣẹ́ ìdánwò dísìkì), má sì dán an wò fún ìṣẹ́jú kan péré, SLC cache tàbí àyè tuntun á tàn ẹ́ jẹ. Kọ ọ́ kún ná, kó o wá ṣe é pẹ́:

fio --name=wal --filename=/mnt/tuntun/idanwo --size=8G --bs=4k --rw=write --ioengine=sync --fdatasync=1 --time_based --runtime=1800

Má wo ìpíndọ́gba, wo 99 àti 99.9 percentile (àkókò tí iṣẹ́ 99 tàbí 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún ò kọjá). Oníbàárà tó ń dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú, inú 0.1 yẹn ló wà. Ẹ jọ̀ọ́ o, filename gbọ́dọ̀ jẹ́ fáìlì. Ẹni tó bá kọ /dev/sda síbẹ̀ á ba data tó wà lórí ẹ̀ jẹ́, fio ò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹ.

Ọ̀dọ́mọdé_IT:
Tí dísìkì bá ti ń ṣiṣẹ́, kí lẹ máa ń wò kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ó ti fẹ́ lọ?

Alábòójútó_Òru:
NVMe: Percentage Used, Available Spare, Media and Data Integrity Errors. Èyí tó kẹ́yìn yẹn tó bá ti kúrò ní 0, mo ti ń wá òmíràn. Percentage Used lè kọjá 100 láìkú, ohun tí olùṣe ṣe ìdánilójú fún ló ti tán, kì í ṣe pé NAND ti kú. SATA: orúkọ ẹ̀ yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, Media_Wearout_Indicator tàbí Wear_Leveling_Count, ẹ wò ó pẹ̀lú Reallocated. Ẹ jẹ́ kí smartd (tó ń ṣọ́ dísìkì) máa fi í-meèlì ránṣẹ́. Ẹ má sì retí pé á kọ́kọ́ pariwo bíi hard disk o, àwọn SSD kan á di kíkà nìkan, àwọn mìíràn á kàn pòórá kúrò nínú lsblk láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ọmọ_Sáfà:
Mo ti kọ ìwé sí ọ̀gá mi: SATA 960 GB méjì tó ní PLP, RAID 1, fún OS àti database àti wẹ́ẹ̀bù. Hard disk mẹ́rin tó wà ńbẹ̀ ńkọ́, ṣé kí n jù wọ́n nù? Àbí kí n gbé backup náà wá sórí SSD?

BàbáRẹ́ẹ̀kì:
Má jù wọ́n nù. Backup jẹ́ fáìlì ńlá tó tò tẹ̀léra, hard disk tó ń ṣe 150 sí 200 MB ní sẹ́kọ́ńdì ti tó o, o ò sì ní máa fi owó NAND tó dáa gbé nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò ní kà fún oṣù mẹ́fà. Àmọ́ gbé wọn lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn, backup tó wà nínú sáfà kan náà pẹ̀lú ohun tó ń ṣe backup fún á bá a lọ lọ́jọ́ tí power supply bá jó.

SSD tó o bá sì yọ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú, má fi data sórí ẹ̀ kó o tì í sínú dúrọ́ọ̀ pé ó wà ní ìpamọ́. Ìlànà JEDEC (àjọ tó ń ṣe ìlànà fún chip) tí wọ́n fi ń dán SSD sáfà wò, oṣù 3 péré ni wọ́n ní kó lè mú data dání láìsí iná nígbà tó bá ti gbó dé òpin ìdánilójú ẹ̀, ní 40°C. Ti laptop jẹ́ ọdún kan, ní 30°C.

Ọmọ_Sáfà:
Ó yé mi. Tí mo bá sì fẹ́ pa data orí SSD rẹ́ kí n tó fún ẹlòmíràn, ṣé shred á ṣe é?

Alábòójútó_Òru:
Shred ò dé gbogbo ibẹ̀. Ó rò pé òun ń kọ nǹkan lé ti àtijọ́ lórí, dísìkì sì ń gbé e lọ síbòmíràn, ti àtijọ́ ṣì wà nínú àyè tó fi pa mọ́. Lo ATA Secure Erase láti inú hdparm fún SATA, nvme format pẹ̀lú --ses=1 tàbí nvme sanitize fún NVMe. Tó o bá ti fi LUKS dì í láti ọjọ́ tó o ti rà á, luksErase ni kó o kọ́kọ́ ṣe kó o tó ṣe èyí tí mo sọ yẹn, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ á ti lọ ṣáájú.